Ilẹ̀kùn Tí Fadérera Fà Dé Lójú Oorun

Ẹ sún mọ́bí. Àlá tí mo fẹ́ rọ́ yìí kì í ṣe tèmi. Fadérera, ìyàwó Wàhábì, ló lá a ní agbo ilé Alápó ní Ìsẹ́yìn. Ó ti fún mi láyè kí n rọ́ ọ bó ṣe wù mí, torí òun alára kò mọ àlá rọ́. Ibi tó bá dùn jù ló máa ń gbàgbé.

Kó tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Oyún ti dúró sí i lára. Oyún ti dúró bẹ́ẹ̀ rí lẹ́ẹ̀mejì tó wálẹ̀, lẹ́ẹ̀mejèèjì náà sì ni gbogbo agbo ilé ti gbọ́, tí wọ́n ti jó, tí wọ́n ti ń pè é ní ìyá ọmọ. Nígbà tí nǹkan wá bàjẹ́, ojú àánú tí wọ́n fi ń wò ó dùn ún ju ìrora ara lọ. Ìdí nìyẹn tí òun àti Wàhábì, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù ní Ìlọrin, fi fohùn ṣọ̀kan pé lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ títí ikùn fúnra rẹ̀ á fi sọ̀rọ̀. Kódà, wọn ò ní sọ fún Ìyá Wàhábì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ó fi fóònù ya bébà àwòrán náà, ó fi ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ìgbà tó dùbúlẹ̀ tán ló rántí pé fóònù òun kì í dá àwòrán pamọ́ fún òun nìkan.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Nígbà tí Bàbá Wàhábì kú, Fadérera ni wọ́n ní kó kó àwọn fọ́tò ìsìnkú jọ síbi tí gbogbo ẹbí á ti máa rí wọn, torí tíṣà ni, ó sì mọ̀ nípa fóònù. Ó kó wọn sí ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní kílàòdù. Fóònù wá bi í pé àwọn wo ló lè wọlé síbẹ̀, kó dárúkọ wọn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ìyàwó ilé wo ló ń pe àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Eyínfúnjowó ló ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin. Akọ̀wé ló ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Kódà àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n bí sílé kó tó wọlé, gbogbo wọn ló fún ní orúkọ ìnagijẹ. Ẹnu rẹ̀ kọ̀ láti pè wọ́n, ìka rẹ̀ náà sì kọ̀ láti tẹ̀ wọ́n. Ó rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹnikẹ́ni lè wọlé, ó tẹ̀ ẹ́, ó bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní líǹkì lè wọ ibẹ̀, gbogbo àwòrán tí fóònù rẹ̀ bá sì yà, ibẹ̀ náà ló ń gbà lọ.

Kò lè tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí fóònù ti kú, kò sì sí iná. Ó ki fóònù bọ ṣájà, ó dùbúlẹ̀, ó ń dúró de iná. Nǹkan mìíràn tún ń dà á láàmú. Ní agbo ilé yẹn, ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan, wọ́n á ní ó ń jẹran ní kọ̀rọ̀. Báwo ni ìyàwó ilé á ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó fẹ́ ẹ wálé? Ibi tó ti ń rò ó ni oorun ti gbé e lọ.

Lójú oorun, ó bá ara rẹ̀ níwájú ilé, ó ń gbálẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí yàrá kan tó léfòó sókè òrùlé. Okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ igi máńgòrò kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ sí Òkèhò. Kò yà á lẹ́nu rárá. Ohun tó rò ni pé ó yẹ kí wọ́n ti kun yàrá náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Fóònù rẹ̀ húkọ́ lábẹ́ abíyá rẹ̀. "Ìyàwó, o kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé, Bàbá," ni Fadérera dáhùn, torí ohùn fóònù náà ti dàgbà.

"Mo ti gbé àwòrán ọ̀sán yẹn lọ sókè. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo kọ́ ọ sí, kí gbogbo ayé lè rí i."

"Ta ló rán yín?"

"Ìwọ ni. O ní ohunkóhun tí mo bá ti rí, kí n máa gbé e lọ. Èmi kì í sì í bi èèyàn ní nǹkan lẹ́ẹ̀mejì."

Fadérera rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó rí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun wí. Kò bá a jà. Ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó ní òun fẹ́ lọ gbé àwòrán náà wálẹ̀ kí ẹnì kankan tó rí i.

Orí òwú ni wọ́n ń gbà dé yàrá náà. Àwọn ahunṣọ òfì ti na òwú wọn sílẹ̀ gbọọrọ láti ìdí òfì wọn, òwú náà gba ojú títì kọjá, ó wá yí pẹ́ẹ́rẹ́, ó gòkè lọ. Fadérera bọ́ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí rẹ̀.

"Rọra máa tẹ̀ ẹ́, ìyàwó," ni ahunṣọ kan sọ láìgbójú sókè. "Aṣọ ẹni tí wọn ò tíì bí ni."

Fadérera wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹnì kan ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ àfi adìyẹ kan tó sàba sórí òwú lọ́ọ̀ọ́kán, tó dí ọ̀nà.

"Ṣé ìwọ ni?" ni adìyẹ náà bi í.

"Èmi ni."

"Gbogbo ẹni tó ń kọjá níbí ló ń wí bẹ́ẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ìwọ ni?"

Adìyẹ náà dìde, ó ti yé ẹyin kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára. Ó ní, "Mú un. Etí ilẹ̀kùn nìkan ni kí o ti ka nọ́ńbà yìí. Má kà á fún ẹlòmíràn, bí onítọ̀hún bá tilẹ̀ wọ táì." Fadérera dúpẹ́, ó sọ ẹyin náà sí àpò, ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Nígbà tó dé inú yàrá, ó rí i pé èrò ti kún ibẹ̀ bí ọjọ́ ọjà. Kò mọ ẹnì kankan nínú wọn. Ọ̀gbẹ́ni kan ń sá agbádá rẹ̀ sórí fọ́tò posí. Télọ̀ kan fi téèpù wọn fìlà orí Bàbá Wàhábì nínú fọ́tò, ó ní òun ti ń wá irú rẹ̀ tipẹ́. Obìnrin kan yọ jígí ojú Akọ̀wé kúrò nínú àwòrán, ó gbé e wọ̀, ó ní kò bá òun lójú mu, ó wá dá a padà sójú ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó ń ṣe ohun tó burú jọjọ. Kálukú kàn ń ṣe bí ẹni tó wà nílé bàbá rẹ̀ ni.

Lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìṣó méjì wà níbẹ̀ tí kò sí nǹkan kan lórí wọn. Fadérera mọ ohun tí wọ́n jẹ́, kò bi ẹnì kankan. Ó dùn ún, ó sì dúró díẹ̀ níwájú wọn. Lórí ìṣó tó tẹ̀ lé wọn ni àwòrán ọ̀sán wà. Ó kọjú sí ògiri, kò sì tíì sí ẹni tó yí i padà.

"Màámi," ni àwòrán náà sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ẹsẹ̀ mi ń hàn sí wọn bí?"

"Kò hàn. Dúró jẹ́ẹ́."

"Mo ti dúró jẹ́ẹ́ látọ̀sán. Ó ti ń sú mi."

Fadérera na ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ìṣó náà kò jẹ́ kó kúrò. Ó ní bí òun bá yọ ọ́ lónìí tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí, ṣebí fóònù á tún gbé òmíràn wá lọ́la? Kó kọ́kọ́ lọ bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀ ná. Fadérera rí i pé ìṣó náà ní làákàyè, ó ju ọ̀pọ̀ èèyàn tí òun mọ̀ lọ.

Kó tó gbẹ́sẹ̀, ọ̀gá kan gba ojú fèrèsé wọlé tòun ti tábìlì rẹ̀. Ó wọ táì. Ó gbé tábìlì kalẹ̀, ó jókòó sórí àga Fadérera, ó ṣí gèlè kan bí ẹni ń ṣí fáìlì.

"Ọ́fíìsì àgbà ni mo ti wá, màdáámù. A gbọ́ pé ilẹ̀kùn ń dà yín láàmú. Ẹ ka nọ́ńbà ara ẹyin yẹn fún mi, ká bá yín tì í kíákíá."

"Ọ́fíìsì àgbà wo, sà?"

"Èyí tó tóbi jù níbẹ̀."

"Adìyẹ ní kí n má kà á fún ẹnikẹ́ni."

"Adìyẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa, màdáámù," ni ọ̀gá náà wí, ó sì na ọwọ́ sí àpò rẹ̀. Ọwọ́ náà kò tíì dé àpò tó fi di pátákò. Ìwo yọ lórí rẹ̀. Táì ọrùn rẹ̀ lọ́, ó di okùn. Ó ṣì fẹ́ sọ pé àwọn máa pè é padà, ṣùgbọ́n mèé ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

Fadérera wò ó, ó ní ọ̀rọ̀ náà kúkú yé òun. Ṣebí ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́: ewúrẹ́ wọlé kò kágò, ewúrẹ́ di mímúso. Ó wá bi ara rẹ̀ pé, nínú gbogbo èrò tó wà ní yàrá yìí, ta ló kágò? Bó ṣe rò ó tán báyìí, télọ̀ di ewúrẹ́, téèpù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Alágbádá di òbúkọ. Obìnrin oníjígí di àgùntàn, ó tilẹ̀ bá a mu. Ibi tí wàhálà wà ni pé ewúrẹ́ kì í mọ̀ pé fọ́tò kì í ṣe oúnjẹ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwòrán láti ìsàlẹ̀ ògiri. Ọ̀gá àgbà ló ṣáájú wọn, ọ̀dọ̀ fèrèsé ló sì kọrí sí.

Fadérera sáré lọ bá ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń rin pákò.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tì."

"Wọn ò tì mí rí látìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ mi," ni ilẹ̀kùn wí. "Ta ni ìwọ?"

Fadérera mú ẹyin jáde, ó ka nọ́ńbà náà sí i létí. Ilẹ̀kùn tu pákò dànù, ó nà ró. Ó ní, "Ó dáa, ìwọ ni ìwọ. Àwọn wo ni kí n máa jẹ́ kó wọlé? Dárúkọ wọn."

"Eyínfúnjowó."

"Mi ò mọ Eyínfúnjowó kankan. Kí lorúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́?"

"Mi ò lè pè é."

"Pe ẹlòmíràn."

"Akọ̀wé."

"Ayé kún fún akọ̀wé. Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o ní èèyàn rárá?"

Lẹ́yìn rẹ̀, àwòrán ọ̀sán ní, "Màámi, nǹkan kan ń mí sí mi lẹ́sẹ̀." Fadérera bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gá àgbà ti gbé ẹsẹ̀ méjì iwájú lé ògiri, ó ti na ọrùn.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí i nínú. Ó ní, "Má bi mí lórúkọ ẹnì kankan mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó dúró síta kó kágò. Èmi tí mo wà nínú ilé ni mà á dá a lóhùn. Bí mo bá ní kó yà, kó yà. Bí mi ò bá dáhùn, kó padà sílé rẹ̀."

"Ìyẹn náà wà nínú iṣẹ́ mi," ni ilẹ̀kùn wí. "Kò kàn sẹ́ni tó bi mí rí ni." Ó wá yíjú sínú yàrá, ó pariwo pé gbogbo ẹni tí kò kágò, kó máa bọ́ síta.

Àwọn ewúrẹ́ tò jáde. Wọ́n ń kùn, wọ́n ní àwọn máa fi ẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì àgbà. Ọ̀gá àgbà ló kẹ́yìn. Kò rí nǹkan kan jẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé tábìlì rẹ̀ sórí, tó sì gba orí òwú sọ̀ kalẹ̀.

Ìṣó wá jọ̀wọ́ àwòrán. Fadérera gbé e, ó fi í sáyà, ó rí i pé ó ń móoru. Ó sọ fún fóònù pé, "Láti òní lọ, Bàbá, ẹ máa bi mí kí ẹ tó gbé ohunkóhun lọ síbi kankan."

"Ní gbogbo ìgbà?"

"Ní gbogbo ìgbà."

"Ọ̀rọ̀ á pọ̀ láàárín àwa méjèèjì nìyẹn," ni fóònù wí, ṣùgbọ́n ó gbà.

Ó wá ku kó fa ilẹ̀kùn dé. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó sì gbọ́ ariwo nísàlẹ̀. Gbogbo agbo ilé ti pé jọ sídìí igi máńgòrò, wọ́n gbójú sókè. Eyínfúnjowó fọwọ́ lérán. "Ìyàwó, àwa lo fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́? Kí lo ní níbẹ̀ tí ìwọ nìkan fẹ́ jẹ?"

Ojú ti Fadérera. Ó fẹ́ràn wọn. Àwọn yìí náà ni wọ́n jó nígbà tí ayọ̀ wà, tí wọ́n sì jókòó tì í nígbà tí ayọ̀ lọ. Ó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí wọ́n má baà bínú sí i. Ṣùgbọ́n ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀.

"Ẹ máà bínú," ló wí. "Ohun tí mo ní kò tíì tó pín. Ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó fa ilẹ̀kùn dé. Ilẹ̀kùn náà dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó wọ àyè rẹ̀, yàrá sì dákẹ́ rọ́rọ́. Fadérera jókòó sílẹ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́ lọ́nà tí kò fúyẹ́ rí láti oṣù wọ̀nyí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹnì kan fi ìka kan ilẹ̀kùn níta. "Àgò onílé o," ni ohùn kan wí. Kò dá ohùn náà mọ̀. Ó la ẹnu láti dáhùn, ó sì jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Wọ́n ti mú iná dé, fáànù ń fẹ́ lórí rẹ̀, fóònù sì ti tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Kò dìde lórí ẹní. Ó ṣí fóònù náà, ó wá ibi tí àwọn fọ́tò ẹbí wà. Ó yọ àwòrán ọ̀sán àná kúrò. Ó pa ibi tí fóònù ti ń dá gbé àwòrán lọ. Ó dé ibi tí wọ́n kọ "ẹnikẹ́ni" sí, ó yí i padà, kó lè jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé á kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fóònù kò bi í lórúkọ ẹnì kankan. Ó mí kanlẹ̀, ó wẹjú, ó gbé korobá, ó fẹ́ lọ pọnmi ní kànga ẹ̀yìnkùlé.

"Àgò onílé o."

Ìyá Wàhábì ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí gbayawu, ṣùgbọ́n kò wọlé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Fadérera wọ ilé yẹn, ìyá kò kágò fún un rí. Ilé tirẹ̀ ni, ó sì máa ń wọ ibi gbogbo láìbi ẹnikẹ́ni.

"Àgò yà, mà," ni Fadérera wí, ó kúnlẹ̀ tòun ti korobá. "Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ìyàwó mi. Fọ́tò bàbá yín ni mo fẹ́ wò bí mo ṣe máa ń wò ó láràárọ̀. Fóònù ní kí n kọ́kọ́ tọrọ àyè. Mo bi Akọ̀wé pé ọwọ́ ta ni mà á ti tọrọ ẹ̀, ó ní ọwọ́ rẹ ni. Ni mo bá ní kí n kúkú wá tọrọ ẹ̀ lójúkojú."

"Ẹ máà bínú, mà. Kì í ṣe pé mo tì í mọ́ yín."

"Ta ló ń bínú? Ẹni tó bá ní nǹkan nínú ilé ló ń ti ilẹ̀kùn." Ìyá wọlé, ó rọra. Kò wo ojú Fadérera, fáànù ló ń wò. "Mo wo ibẹ̀ lánàá náà, nígbà tí ilẹ̀ ṣú. Mi ò rí nǹkan kan. Ká tiẹ̀ ní mo rí nǹkan kan, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Omi kún ojú Fadérera.

"Gbé korobá yẹn sílẹ̀," ni ìyá wí. "Láti òní lọ, èmi ni mà á máa pọnmi ilé yìí. Bí wọ́n bá bi ọ́, wí fún wọn pé mo ní o máa ń da omi sílẹ̀ jù."

Fadérera gbé korobá sílẹ̀. Ìyá gbé e, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó ń kígbe kí gbogbo agbo ilé lè gbọ́ pé irú ìyàwó wo ni Wàhábì fẹ́ yìí, tí kò tiẹ̀ mọ omi pọn.